Ìsopọ̀ Sonogashira: kí ló dé tí alkyne mi ń so mọ́ ara rẹ̀ dípò 4-iodoanisole?

Ọmọ-láàbù béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ni mí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n so phenylacetylene (alkyne ni, ìyẹn ohun tí ìsopọ̀ onílọ́po mẹ́ta wà láàárín kábọ́ọ̀nù rẹ̀ méjì) mọ́ 4-iodoanisole (òrùka benzene tí áyódíìnì àti methoxy wà lára rẹ̀) ní ọ̀nà tí Sonogashira, Tohda àti Hagihara gbé jáde ní ọdún 1975, èyí tí ó ń lo palladium àti bàbà, kí n lè fi ohun tí mo bá rí ṣe ìpìlẹ̀ àwọn mìíràn tí mo fẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, ibì kan náà ni mo sì ń já sí.

Báyìí ni mo ṣe é. Mo wọn 4-iodoanisole gíráàmù 1.17, ìyẹn 5 mmol (mílímóòlù). Phenylacetylene mílílítà 0.66, ìyẹn 6 mmol. PdCl2(PPh3)2, tí palladium wà nínú rẹ̀, mílígíráàmù 70. Àti CuI, ìyẹn bàbà pẹ̀lú áyódíìnì, mílígíráàmù 95. Mo kó gbogbo wọn sínú ìgò onídìí roboto tí ó gba mílílítà 100, mo sì bu triethylamine mílílítà 15 lé wọn lórí. Mo fi abẹ́rẹ́ fẹ́ nítírójìn gba inú rẹ̀ kọjá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo fi ìdérí rọ́bà dé e, mo ki bàlúùnù tí ó kún fún nítírójìn bọ̀ ọ́ lórí, mo sì fi í sílẹ̀ kí ó máa yí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láì gbé e ka iná. Wákàtí kan kò tíì pé tí àwọ̀ rẹ̀ fi kúrò ní pupa rúsúrúsú tí ó di dúdú.

Nígbà tí mo fi omi ammonium chloride fọ̀ ọ́, omi náà di búlúù. Mo wá gbé èyí tí ó kù gba inú kọ́lọ́ọ̀mù sílíkà. Ohun funfun kan ni ó kọ́kọ́ bá hexane jáde, ó wọn mílígíráàmù 430, ó sì yọ́ láàárín 86 °C sí 88 °C. Mo rí 4-iodoanisole tí kò ṣiṣẹ́ gbà padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 0.9. Ohun tí mo ń wá gan-an kò ju mílígíráàmù 190 lọ, òun ni ó yọ́ láàárín 58 °C sí 60 °C. Mo yẹ NMR (àyẹ̀wò tí ń fi irú àwọn átọ́ọ̀mù tí ó wà nínú nǹkan hàn) ohun funfun àkọ́kọ́ yẹn wò, kò sí àmì kankan nítòsí 3.8 ppm níbi tí ó yẹ kí methoxy ti yọjú. Àwọn háídírójìn òrùka benzene nìkan ni mo rí.

Mo gbà pé alkyne méjì ni ó so mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó fà á kò yé mi. Ṣé bàbà ni ó fa á ni, àbí palladium? Ṣé kí n yọ bàbà kúrò pátápátá? Ọ̀gá tí ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n fi kún palladium, ṣùgbọ́n èyí tí ó kù sílẹ̀ fún wa kò tó mílígíráàmù 300, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń tà á.

Àgbà-Kẹ́mísìrì dáhùn pé:

Àbúrò, o kú làálàá. O ti mọ nǹkan náà kí o tó béèrè: 1,4-diphenylbutadiyne ni, ìyẹn phenylacetylene méjì tí ó so pọ̀, tí a ń pè ní diyne ní kúkúrú. Ìwọ̀n ooru tí ó fi yọ́ bá a mu, àìsí methoxy sì jẹ́rìí sí i pé kò sí ohun kan láti ara anisole tí ó wọ inú rẹ̀. Ọdún 1869 ni ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ó ń jẹ́ Carl Glaser ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí phenylacetylene tí bàbà ti rọ́pò háídírójìn ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ìgò rẹ ṣe lóru ọjọ́ yẹn, ti ọdún 1975 àti ti ọdún 1869, ti ọdún 1869 ni ó sì borí.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀nà méjèèjì ṣe pàdé. Háídírójìn tí ó wà ní ìdí alkyne kò rọrùn fún triethylamine láti já gbà fúnra rẹ̀, nítorí béèsì náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí bàbà bá bà lé ìsopọ̀ onílọ́po mẹ́ta náà, yóò fa ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, háídírójìn yẹn yóò sì tú, béèsì yóò gbé e, bàbà yóò jókòó sí àyè rẹ̀. Oríta ni asẹtiláìdì bàbà yìí dúró sí. Bí ó bá rí palladium tí ó ti wọ àárín kábọ́ọ̀nù àti áyódíìnì lára 4-iodoanisole, yóò gbé alkyne fún un, palladium yóò mú apá méjèèjì súnmọ́ ara wọn, yóò so wọ́n pọ̀, yóò sì bọ́ kúrò lára wọn láti lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ́síjìn ni ó kọ́kọ́ bá pàdé, asẹtiláìdì bàbà méjì yóò so mọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nínú iṣẹ́ tìrẹ, palladium ni ó pẹ́ dé oríta náà. Kì í ṣe pé áyódíìnì kò dára. Òun ni ó rọrùn jù fún palladium láti wọ̀, triflate àti bromide tẹ̀ lé e, chloride ni ó wà lẹ́yìn pátápátá. Methoxy tí ó wà ní ìdojúkejì rẹ̀ ni ó ń ti ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú òrùka, bẹ́ẹ̀ sì ni òrùka tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kò pọ̀ ni palladium ń tètè wọ̀. Ká ní nitro, tí ń fa ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò nínú òrùka, ni ó wà níbẹ̀ ni, o lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ìgò rẹ ní ìṣòro.

Wá wo bàbà rẹ. CuI mílígíráàmù 95 jẹ́ 0.5 mmol, ìdá 10 nínú 100. Palladium rẹ jẹ́ 0.1 mmol, ìdá 2 péré. Bàbà márùn-ún dúró de palladium kan! Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kì í ju ìdá 1 sí 5 lọ. Fi mílígíráàmù 10 sí i, ó tó. Má sì da gbogbo alkyne sí i lẹ́ẹ̀kan; fi sírínjì kán an sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí ó má baà sí alkyne púpọ̀ nílẹ̀ tí kò ní ohun tí yóò so mọ́.

Ní ti ìmọ̀ràn ọ̀gá rẹ, fi sùúrù bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi kún palladium ní ìbẹ̀rẹ̀. Palladium tí agbára ìdè rẹ̀ jẹ́ méjì ni PdCl2(PPh3)2, kò sì lè ṣiṣẹ́ àfi tí ó bá di òdo. Ọ̀nà tí ó ń gbà di òdo nínú ìgò yìí ni pé ó ń gba alkyne méjì, ó ń so wọ́n pọ̀, ó sì ń tì wọ́n jáde. Èyí túmọ̀ sí pé palladium kọ̀ọ̀kan tí o bá fi kún un yóò kọ́kọ́ gba diyne kan gẹ́gẹ́ bí owó ìbodè.

Má yọ bàbà kúrò o. Bí Stephens àti Castro ṣe ṣe é ní ọdún 1963, bàbà nìkan ni wọ́n lò, ó sì gba pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe asẹtiláìdì bàbà ní iye tí ó bá iye aryl iodide (òrùka tí áyódíìnì wà lára rẹ̀, bíi 4-iodoanisole) mu, kí wọ́n sì sè é nínú pyridine tí ń hó. Ìpàdé bàbà díẹ̀ àti palladium díẹ̀ ni ó jẹ́ kí á lè ṣe é láì dá iná sí i.

Ará-Manchester dáhùn pé:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa methoxy àti nípa sírínjì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a gbé ẹ̀bi náà kúrò lórí bàbà díẹ̀, nítorí ìṣirò kò jẹ́ kí n dá a lẹ́bi tán.

Diyne mílígíráàmù 430 jẹ́ nǹkan bí 2.13 mmol. Owó ìbodè tí ẹ̀gbọ́n sọ kò lè ju 0.1 mmol lọ, ìyẹn mílígíráàmù 20, nítorí pé palladium tí ó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ku 2.03 mmol tí ó jẹ́ pé ọ́síjìn nìkan ni ó lè ṣe é, torí pé 4-iodoanisole tí a rí gbà padà pọ̀ débi pé kì í ṣe òun ni ó gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn. Ìdajì móòlù ọ́síjìn ni móòlù diyne kan ń gbà, omi ni ó sì ń dà. A jẹ́ pé nǹkan bí 1 mmol ọ́síjìn ni ó wọlé, èyí tí ó tó mílílítà 25 ní ìwọ̀n ooru ilé wa. Tí a bá sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ lásán, mílílítà 120 ni.

Ìgò tí ó gba mílílítà 100, tí omi mílílítà 15 ti wà nínú rẹ̀, kò lè gba ju nǹkan bíi mílílítà 85 afẹ́fẹ́ lọ, kódà bí nítírójìn kankan kò bá wọ inú rẹ̀ rárá. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí ẹ kò lé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni olórí ìṣòro. Afẹ́fẹ́ ń wọlé ní gbogbo òru. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni bàlúùnù yẹn ṣe rí nígbà tí ilẹ̀ mọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ sì ti fi abẹ́rẹ́ gún ìdérí rọ́bà yẹn kí ẹ tó lò ó lọ́jọ́ náà?

Dúdú tí ó dú láàárín wákàtí kan náà ń sọ̀rọ̀. Palladium kọ̀ọ̀kan mú triphenylphosphine (PPh3), tí ń dáàbò bò ó, méjì péré wá. Bí ọ́síjìn bá sọ ìyẹn di phosphine oxide, palladium kò ní aṣọ lára mọ́, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò kó jọ, wọn yóò sì di ìyẹ̀fun dúdú tí kò wúlò fún iṣẹ́ yìí mọ́. Ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé palladium yín ti kú kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbà sì dá nìkan ṣiṣẹ́ di òwúrọ̀.

Bí èmi yóò ṣe ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ nítírójìn tàbí ágọ́nì gba inú triethylamine nìkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí abẹ́rẹ́ gígùn kan ẹnu rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, kí abẹ́rẹ́ kúkúrú mìíràn sì wà lórí fún ohun tí ń jáde. Bí ẹ bá ní nítírójìn olómi, ó sàn kí ẹ dì í, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ jáde, kí ẹ jẹ́ kí ó yọ́, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Kí CuI jẹ́ ohun tí yóò wọlé kẹ́yìn ṣáájú alkyne. Ẹ jẹ́ kí nítírójìn máa ṣàn jẹ́jẹ́ láti inú sílíńdà, kí ó máa gba inú òróró jáde kí ẹ lè máa rí i bí ó ṣe ń hó, nítorí ọ́síjìn máa ń gba ara rọ́bà bàlúùnù wọlé bí ó bá pẹ́.

Ní ti yíyọ bàbà kúrò, kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1975 kan náà ni Heck àti Cassar, oníkálukú lọ́tọ̀, ti so alkyne mọ́ aryl halide (aryl iodide àti irú rẹ̀ bíi bromide) pẹ̀lú palladium láìsí bàbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti gbé e ka iná. Lóde òní, a lè lo Pd(PPh3)4, irú palladium mìíràn, nínú piperidine tí ó jẹ́ béèsì olómi, ní nǹkan bí 70 °C. Bí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀, palladium fúnra rẹ̀ mọ ọ̀nà tí a fi ń so alkyne méjì pọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá yọ bàbà tí kò yọ afẹ́fẹ́ kò tíì ṣe nǹkan kan. Àwọ̀ Pd(PPh3)4 gbọ́dọ̀ pọ́n rúsúrúsú. Bí ó bá ti ń ṣú, ó ti bàjẹ́.

Kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yín, ẹ ṣe NMR kábọ́ọ̀nù 13. Kábọ́ọ̀nù alkyne ti diyne yẹn máa ń wà ní nǹkan bí 81.6 àti 73.9 ppm, ti ohun tí ẹ ń wá máa ń wà ní nǹkan bí 89.4 àti 88.1. Kò sí bí a ṣe lè ṣì wọ́n mọ̀. Ẹ má sì da diyne náà nù. Àwọn kan wà tí òun gan-an ni wọ́n ń wá, tí wọ́n ń fi CuCl (bàbà pẹ̀lú chlorine) àti TMEDA, amine kan tí ń di bàbà mú, ṣe é nínú ọ́síjìn bí Hay ṣe kọ́ wa ní ọdún 1962.

Olùkọ́-girama béèrè pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, a sì máa ń da omi sí kábáàdì kí wọ́n lè rí asẹtilíìnì tí àwọn wẹ́dà ń lò. Alkyne ni òun náà. Nígbà tí phenylacetylene wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣé a kò lè fi gáàsì yìí ṣe irú ìsopọ̀ yìí? Ẹ bá mi sọ ohun kan tí wọ́n ń fi ọ̀nà yìí ṣe tí àwọn ọmọ kíláàsì mi lè mọ̀.

Àgbà-Kẹ́mísìrì dáhùn pé:

Olùkọ́, ìbéèrè gidi ni. Ó ṣeé ṣe, àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọdún 1975 yẹn jáde gan-an lo gáàsì asẹtilíìnì. Ṣùgbọ́n ìdí méjì ni asẹtilíìnì ní, aryl iodide yóò sì jókòó sí méjèèjì, nítorí náà ohun tí apá rẹ̀ méjèèjì bára mu ni ẹ ó rí.

Gáàsì kábáàdì ní àléébù méjì mìíràn. Òórùn tí ẹ máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kì í ṣe ti asẹtilíìnì. Phosphine àti àwọn ìdọ̀tí onísọ́fọ̀ tí ó wà nínú kábáàdì ni, wọ́n sì lè sọ palladium di aláìwúlò. Èkejì ni èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù. Bí gáàsì yẹn bá bá bàbà pàdé, ó lè di ohun pupa ṣíṣú kan tí ó ń bú gbàmù bí ó bá gbẹ tí nǹkan sì fara kàn án. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi páìpù bàbà gbé asẹtilíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò níwájú àwọn ọmọ. Trimethylsilylacetylene ni àwa ń lò: ohun olómi ni, 53 °C ni ó ń hó, silicon sì ti bo ìdí rẹ̀ kan. Bí ìsopọ̀ àkọ́kọ́ bá parí, a ó fi K2CO3 nínú methanol ṣí ìdí kejì.

Ní ti ohun tí àwọn ọmọ lè mọ̀, ẹ sọ fún wọn nípa terbinafine tí a ń fi wo làpálàpá, ìpara rẹ̀ àti hóró rẹ̀ wà ní ilé ìtajà oògùn. Nínú rẹ̀, ìsopọ̀ onílọ́po méjì àti onílọ́po mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti pàdé gan-an ni a lè fi palladium àti bàbà so. Nígbà tí wọ́n fún Heck, Negishi àti Suzuki ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2010 nítorí ìsopọ̀ onípalladium, Sonogashira kò sí nínú wọn. Ẹ̀bùn náà kì í ju ti ènìyàn mẹ́ta lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ-láàbù padà wá sọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Ẹ̀gbọ́n Manchester, bí ẹni pé ẹ wà nínú láàbù wa ni. Bàlúùnù náà ti rọ pátápátá kí n tó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rò pé ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán ni. Ìdérí rọ́bà yẹn náà, nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ihò tí mo kà lára rẹ̀ lé ní mẹ́wàá.

Mo tún un ṣe ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá. Mo fẹ́ nítírójìn gba inú triethylamine fún ogójì ìṣẹ́jú, mo lo ìdérí tuntun, mo dín CuI kù sí mílígíráàmù 10, n kò sì fi ohunkóhun kún palladium. Ẹ̀rọ tí ń ti sírínjì ni mo fẹ́ lò, ṣùgbọ́n iná lọ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, mo sì fi ọwọ́ ara mi tì í díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjì tí ó kù. Kò dú. Pupa rúsúrúsú ni ó wà títí di ìrọ̀lẹ́, iyọ̀ funfun ti triethylamine sì ń kó jọ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ohun tí mo ń wá jẹ́ mílígíráàmù 875, èyí tí ó jẹ́ ìdá 84 nínú 100, diyne kò sì ju mílígíráàmù 40 lọ. NMR kábọ́ọ̀nù rẹ̀ fi àmì hàn ní 89.4 àti 88.1 gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí.

Ogún mílígíráàmù nínú diyne yẹn ni owó ìbodè. Ogún tí ó kù ni mo ṣì ń wá ibi tí ó gbà wọlé. Èyí tí ó kàn ni 4-bromoanisole, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù lórí pẹpẹ wa.

Ará-Manchester dáhùn pé:

Ẹ kú oríire. Ẹ wo ibi tí abẹ́rẹ́ sírínjì ti wọlé fún wákàtí méjì, mo fura sí i. Bromide tí methoxy wà lára rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa láì gbé e ka iná, ẹ jẹ́ kí ó gbóná tó 70 °C sí 80 °C, kí ẹ sì so ẹ̀rọ tí ń fi omi tútù dá ooru padà mọ́ ọn, torí 89 °C ni triethylamine ń hó. Ẹ fi triphenylphosphine díẹ̀ kún un kí palladium má baà wà ní ìhòòhò nínú ooru yẹn.